Ìtàn Ẹ̀rọ Inú Ẹ̀rọ: Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Tí A Ṣí Nípò Fi Ń Kọ̀ Láti Jí

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọ ìtàn ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbà ń kó odindi kọ̀ǹpútà kan wọ inú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì wá ìdí tí èyí tí a bá kó bẹ́ẹ̀ fi máa ń kọ̀ láti jí nígbà tí ó bá dé ilé tuntun. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé àtìgbàdégbà yìí lè béèrè pé kí ni ó kan àwa olùkọ́ èdè Yorùbá nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn wá gidigidi. Agbowa ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè náà, ní agbègbè Ìkòsì, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, nínú yàrá àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí n kò ní dárúkọ.

Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tí ó ju gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Windows XP, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, ni ó ń darí rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ìbéèrè ìdánwò Yorùbá tí olùkọ́ mẹ́ta tí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ ara wọn kọ wà, àti àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹja pípa, ọkọ̀ wíwà àti ọjà títà létí ọ̀sà, tí ọ̀kan nínú wọn gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà agbègbè náà. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà náà ti sùn. Nígbà tí díìsìkì ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń ha irin, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, a ní kí ó bá wa kó gbogbo rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà tuntun. Ó kó o tán, a tan án, ojú ẹ̀rọ di búlúù, kò sì jí. Ọ̀gbẹ́ni náà ní kí a gba kámú, ó ti lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a tó lè sọ ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀, ìtàn gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí: kí ló dé tí ẹ kò kàn da àwọn fáìlì náà kọ, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ àtijọ́ sílẹ̀? A dà wọ́n kọ. Nígbà tí a ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, àmì tí kò ní ìtumọ̀ ni ó kún ojú ìwé. Ohun tí ó fà á kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti tẹ iṣẹ́ Yorùbá láti ìgbà pípẹ́. Láti 1974 tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò, àwa mọ bí ó ti yẹ kí a kọ ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀ ọ́n. Ní ayé tàpù-tàpù, a ó tẹ ọ̀rọ̀ tán, a ó wá fi bírò fi àmì ohùn àti ẹsẹ̀ sí i lẹ́yìn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àyè 256 péré ni fọ́ǹtì ìgbà náà ní fún lẹ́tà àti àmì gbogbo. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe fọ́ǹtì Yorùbá yóò lé àmì kan tí kò wúlò fún wa kúrò ní àyè rẹ̀, yóò sì fi ẹ́ tàbí ọ̀ rọ́pò rẹ̀. Onífọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní àyè tí òun yàn. Nítorí náà, nọ́ńbà kan náà tí ó jẹ́ ọ̀ lórí ẹ̀rọ kan yóò jẹ́ àmì owó ilẹ̀ òkèèrè lórí òmíràn. Ní 1993, ètò Unicode fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n kí ètò náà tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹ̀rọ, ọdún ti gorí ọdún, iṣẹ́ tí a ti fi fọ́ǹtì àtijọ́ ṣe sì ti pọ̀. Ní Agbowa, ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì náà kò sí mọ́, sọ́fúwíà tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ sì ti so mọ́ kọ̀ǹpútà yẹn débi pé kò ṣeé yọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni pé kí a gbé odindi ilé náà, àti igi àti òrùlé, lọ sí ilẹ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò

Kí a tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí a fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní boot, okùn ẹ̀yìn bàtà ni ó ti wá. Ìtàn ẹni tí ó ní òun yóò fi okùn bàtà ara òun gbé ara òun sókè ni wọ́n fi ń dá àpárá. Àpárá náà bá kọ̀ǹpútà mu, nítorí pé ẹ̀rọ tí kò ní àṣẹ kankan nínú gbọ́dọ̀ rí àṣẹ tí yóò fi ka àṣẹ. Ní Yorùbá, mo rò pé jí ni ó tọ́. Ẹni tí ó sùn a máa jí fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀: ojú yóò kọ́kọ́ là, ẹsẹ̀ yóò kan ilẹ̀, kí ó tó mọ ibi tí òun wà. Ní ìsọ̀ àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, “kò bọ́ọ̀tù” ni a ń gbọ́, n kò sì rí ohun tí ó burú nínú ìyẹn náà.

Èkejì le díẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò ní irin tirẹ̀, tí ó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà mìíràn ni ó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn kan ń pè é ní òjìji. N kò fara mọ́ ọn. Òjìji kò lè ṣírò owó, kò sì lè tẹ ìwé. Èyí ń ṣe méjèèjì. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ ni n ó máa pè é. Kọ̀ǹpútà tí ó gbà á sílé ni onílé, èyí tí a gbà sílé ni àlejò. Ṣùgbọ́n àlejò yìí yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀: ó gbà pé òun gan-an ni onílé. Ó ń wo díìsìkì, ó ń wo bọ́tìnnì àti ojú ẹ̀rọ, ó rò pé tòun ni gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáìlì ńlá kan lásán lórí díìsìkì onílé ni díìsìkì tirẹ̀.

Láti Cambridge dé orí tábìlì wa

Ní 1964, ilé-iṣẹ́ IBM dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ní ìgbà náà, kọ̀ǹpútà kan a máa gba odindi yàrá, owó rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di dandan kí ọ̀pọ̀ ènìyàn pín in lò. Robert Creasy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní èrò kan tí ó dà bí ìdán: kí a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà nílẹ̀. Ètò tí wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n pè ní CP-40, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi ní oṣù kìíní ọdún 1967 lórí System/360 Model 40 kan tí wọ́n ti tún irin inú rẹ̀ ṣe fún iṣẹ́ náà. CP-67 tẹ̀lé e. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1972, IBM kéde VM/370 fún gbogbo oníbàárà rẹ̀, ohun tí ó jẹ́ ìwádìí sì di ọjà.

Ní ilẹ̀ wa, iṣẹ́ ìkànìyàn ọdún 1962 àti 1963 ni a sábà máa ń tọ́ka sí pé ó mú kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà. Ọwọ́ ìjọba, yunifásítì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kò rí wọn sójú, ká má tilẹ̀ sọ pé yóò fọwọ́ kàn wọ́n.

Ní 1974, Gerald Popek àti Robert Goldberg kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ kan tó lè gba àlejò sílé láìsí wàhálà, gbogbo àṣẹ tí ó lè kan ipò ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí onílé yóò mọ̀ sí bí àlejò bá pa á. Bí àlejò bá lè pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé onílé gbọ́, ilé ti dàrú nìyẹn. Ẹ̀rọ ńlá IBM bá òfin yìí mu. Àwọn kọ̀ǹpútà kékeré tí IBM bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, tí èrò inú wọn ti ọ̀dọ̀ Intel wá, kò bá a mu rárá. Ní ọdún 2000, John Robin àti Cynthia Irvine ka àṣẹ 17 nínú Pentium tí àlejò lè pa tí onílé kò ní mọ̀.

Kí wọ́n tó ka iye wọn ni àwọn kan ti wá ọgbọ́n sí i. Ní 1998, Diane Greene, Mendel Rosenblum àti àwọn mẹ́ta mìíràn dá ilé-iṣẹ́ VMware sílẹ̀ ní California. Ní 1999 ọjà wọn àkọ́kọ́ jáde. Ọgbọ́n wọn yẹ kí ó dùn mọ́ olùkọ́ èdè nínú: ògbufọ̀ ni wọ́n fi sí àárín. Bí àlejò bá fẹ́ pa ọ̀kan nínú àwọn àṣẹ tí ó léwu, ògbufọ̀ náà yóò ti túmọ̀ rẹ̀ sí òmíràn tí kò léwu kí ó tó dé etí irin. Nígbà tí ó yá, Intel ní 2005 àti AMD ní 2006 fi ìrànlọ́wọ́ fún irú iṣẹ́ yìí sínú irin fúnra rẹ̀, ògbufọ̀ sì lè sinmi. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Innotek ní Jámánì gbé VirtualBox jáde, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ni a lò ní Agbowa. Sun ra Innotek ní 2008, Oracle sì gba Sun ní 2010, ṣùgbọ́n ọjà náà ṣì wà.

Ìdí tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń kó ẹ̀rọ gidi wọ inú ẹ̀rọ ni pé ilé-iṣẹ́ kan lè ní ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jókòó lásán fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́. Bí a bá kó mẹ́wàá sínú ẹyọ kan, owó iná àti ti àyè yóò dín. VMware ṣe ohun èlò fún iṣẹ́ kíkó yìí ní 2003, ó sì tún gbé èyí tí ó dára ju ìyẹn lọ jáde ní 2007. Ní 2009, Mark Russinovich àti Bryce Cogswell ti Microsoft ṣe Disk2vhd, ohun èlò kékeré kan tí ó lè da díìsìkì Windows kọ nígbà tí Windows náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Tiwa yàtọ̀. Ẹ̀rọ tí ń jókòó lásán kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Iná tí ń lọ tí ń bọ̀, eruku, àti atẹ́gùn iyọ̀ etí ọ̀sà ni ó ń pa ẹ̀rọ wa kí ó tó di arúgbó. Kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ má ba à bá a kú ni àwa fi ń kó o.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jí

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ọjà Ẹjìnrìn yóò tètè lóye ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń jí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, létí ọ̀sà ní Ẹjìnrìn, tí kò jìnnà sí Agbowa, ni àwọn ará Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Èkó ti ń pàdé ṣòwò. Alááru yóò ru ẹrù láti òkè wá títí dé etí omi. Iṣẹ́ alááru parí níbẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì wà á kọjá. Bí kò bá sí ọlọ́kọ̀, tàbí bí ọlọ́kọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò bá mọ omi náà, ẹrù yóò jókòó sí etí omi títí ọjà yóò fi tú.

Nínú kọ̀ǹpútà irú ti Agbowa, BIOS ni alááru. Ètò kékeré ni, tí a fi sínú irin láti ilé-iṣẹ́ wá. Bí iná bá ti dé, yóò yẹ ara ẹ̀rọ wò, yóò sì lọ ka abala kìíní lórí díìsìkì, tí gbogbo rẹ̀ kò ju báìtì 512 lọ. Nínú báìtì 512 yìí ni àṣẹ kékeré kan wà, pẹ̀lú tábìlì ìpín mẹ́rin tí ó sọ bí a ti pín díìsìkì náà, àti báìtì méjì tí ó jẹ́ èdìdì ní ìparí. Láti 1983 ni ètò yìí ti wà. BIOS yóò fi agbára fún àṣẹ kékeré náà, òun náà yóò wá ìpín tí a sàmì sí pé ibẹ̀ ni kí a ti jí. Ibẹ̀ ni ètò tí Windows XP ń pè ní NTLDR wà. NTLDR yóò ka fáìlì boot.ini láti mọ ibi tí Windows wà, yóò sì gbé kókó Windows, fáìlì hal.dll, àti àwọn dráífà tí a kọ sílẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ inú RAM. Ní gbogbo àsìkò yìí, alááru ni ó ń ka díìsìkì fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni etí omi dé. Kókó Windows yóò yọ BIOS nínú ọ̀rọ̀ náà, yóò sì pe dráífà díìsìkì tirẹ̀ pé kí ó máa kà á lọ. Dráífà ni ọlọ́kọ̀. Bí dráífà tí ó wà nílẹ̀ kò bá mọ irú irin tí díìsìkì so mọ́, Windows kò ní lè ka ohunkóhun mọ́, àní láti orí díìsìkì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán ní ìṣẹ́jú àáyá kan sẹ́yìn. Ojú ẹ̀rọ yóò di búlúù, nọ́ńbà kan yóò sì jáde: 0x0000007B. Ohun tí nọ́ńbà náà ń wí ni pé “n kò lè dé ibi díìsìkì tí mo ti ń jí.” Kò sọ pé díìsìkì bàjẹ́. Kò sì sọ pé fáìlì sọnù. Ibi yìí ni ọ̀gbẹ́ni wa ti ṣìnà.

Ibi tí ó bá ti dúró

Nínú ìrírí mi, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí a mọ ibi tí ẹ̀rọ náà dé kí ó tó dúró, nítorí pé ìdúró kọ̀ọ̀kan ní ìdí tirẹ̀. Bí ojú ẹ̀rọ bá dúdú, tí ọ̀rọ̀ funfun kan sì ń sọ pé kò sí ètò kankan lórí díìsìkì, a jẹ́ pé alááru kò tilẹ̀ rí ẹrù. Ó lè jẹ́ pé ìpín Windows nìkan ni a dà kọ, tí a gbàgbé báìtì 512 tí ó wà níwájú. Ó lè jẹ́ pé a kò sàmì sí ìpín tí ó yẹ. Ó sì lè jẹ́ pé irú alááru ni kò bára mu. Àwọn ẹ̀rọ òde òní kò lo BIOS àtijọ́ mọ́. UEFI ni wọ́n ń lò, tí àwọn ilé-iṣẹ́ kóra jọ ní 2005 láti máa ṣe àkóso rẹ̀, ọ̀nà tí ó sì ń gbà pín díìsìkì tí ó sì ń jí yàtọ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá ń jí lọ́nà BIOS ní ilé rẹ̀ àtijọ́, lọ́nà BIOS ni àlejò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà jí. Bí ó bá sì jẹ́ UEFI, bákan náà. Àmì kan ṣoṣo tí à ń fi sí ojú ètò VirtualBox ni, ènìyàn sì lè lo ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó rántí rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán Windows jáde, tí búlúù sì tẹ̀lé e pẹ̀lú 7B, ọlọ́kọ̀ ni kò sí. Bí ó bá dúró pátápátá láìsọ ohunkóhun, tàbí tí ó mú nọ́ńbà 79 wá, a ní láti fura sí hal.dll. Iṣẹ́ fáìlì yìí ni láti dúró láàárín kókó Windows àti pákó ńlá inú ẹ̀rọ. Nígbà tí a bá ń gbé XP kalẹ̀ ni a ti ń yan irú rẹ̀, bóyá fún èrò kan tàbí fún méjì, bóyá ti ẹ̀rọ tí ó ní irú ìṣàkóso iná tí wọ́n ń pè ní ACPI tàbí ti èyí tí kò ní. Lórí VirtualBox, bí a bá gbàgbé láti tan ohun tí a ń pè ní I/O APIC fún àlejò tí ó ti mọ̀ ọ́n lára ní ilé rẹ̀ àtijọ́, kò ní jí. Dráífà èrò náà a máa dá wàhálà sílẹ̀: intelppm, tí ó ń bá èrò Intel sọ̀rọ̀ nípa iná rẹ̀, lè ṣubú lulẹ̀ nígbà tí ó bá rí i pé ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni tí òun mọ̀.

Lórí Linux, àìsàn kan náà ni, orúkọ ni ó yàtọ̀. Àkójọ dráífà ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní initramfs lè má ní ọlọ́kọ̀ tí omi tuntun ń fẹ́. Orúkọ díìsìkì náà sì lè yí padà láti hda tàbí sda sí vda, tí fáìlì fstab ṣì ń wá orúkọ àtijọ́ kiri. Àwọn tí ó gbọ́n a máa fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìpín, tí kì í yí padà, kọ ọ́ síbẹ̀ dípò orúkọ.

Ní Agbowa

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a kò fọwọ́ kan díìsìkì àtijọ́ mọ́. Díìsìkì tí ń ha irin kò ní ẹ̀mí púpọ̀ lára. Bí a bá ń tan án tí a ń pa á láti dán nǹkan wò, ọwọ́ ara wa ni a fi ń pa á. Fáìlì ńlá tí ọ̀gbẹ́ni náà ti dà kọ tẹ́lẹ̀ ni a mú, a sì tún da ìyẹn náà kọ, a wá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà ẹ̀dà. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì pa.

Lẹ́yìn náà ni a wo ètò tí ọ̀gbẹ́ni náà ṣe fún àlejò. Irin SATA ni ó so díìsìkì mọ́, bí ẹni pé ẹ̀rọ tuntun ni. XP kò ní dráífà irú rẹ̀ nínú ara rẹ̀. A yí i padà sí irin IDE ti àtijọ́, a tan án, búlúù tún jáde, 7B kan náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ̀rètí nù, nítorí pé ó dà bí ẹni pé a ti ṣe ohun tí ó yẹ.

Ìdáhùn wà nínú ìtàn ẹ̀rọ náà. Pákó ńlá inú rẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ VIA ni. Nígbà tí a gbé XP kalẹ̀ sórí rẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, XP wo irin tí ó wà níbẹ̀, ó yan dráífà viaide, ó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ńlá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Registry, kò sì wulẹ̀ kọ ti ẹlòmíràn síbẹ̀. Irin IDE tí VirtualBox ń ṣe àfarawé rẹ̀, ti Intel ni. Irin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é: 1106 ni ti VIA, ti Intel ni 8086, tí wọ́n mú láti ara èrò kan tí wọ́n gbé jáde ní 1978. Fáìlì dráífà intelide ń bẹ lórí díìsìkì náà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Kò sí ẹni tí ó sọ fún Windows pé bí ó bá rí 8086, òun ni kí ó pè.

A mú ẹ̀dà díìsìkì náà, a so ó mọ́ àlejò mìíràn tí ó ti jí, a sì ti ibẹ̀ ṣí Registry XP wa bí ẹni ṣí ìwé olówe. A kọ nọ́ńbà irin Intel sí ibi àkójọ irin pàtàkì, a sì fi intelide sí iwájú rẹ̀. Dráífà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní Start: bí ó bá jẹ́ 0, dráífà yóò wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ jíjí, bí ó bá jẹ́ 3, ó di ìgbà tí a bá pè é, bí ó bá jẹ́ 4, kò ní dìde rárá. A fi intelide àti atapi sí 0. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ohun tí a yí padà nínú gbogbo díìsìkì náà kò tó ìlà mẹ́wàá. A tan án, ó sì jí. Àwòrán òkè tí ó ní koríko tútù jáde, fáìlì àkójọ ọ̀rọ̀ náà sì ṣí, pẹ̀lú ẹ àti ọ rẹ̀ gbogbo ní àyè wọn.

Ohun méjì ni ó tún dí wa lọ́wọ́. Windows XP rí i pé irin ti yàtọ̀, ó sì ní kí a tún ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gbà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ìwé àṣẹ Windows tí ó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé-iṣẹ́, kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ó wà fún, ó sì yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ti wádìí ìyẹn ṣáájú. Èkejì ni ti ààbò. Láti ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ti dẹ́kun títún XP ṣe, nítorí náà a yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára àlejò náà pátápátá.

A kò fẹ́ kí ó máa gbé inú ẹ̀rọ títí láé. Bí iṣẹ́ ìdánwò ti ń lọ báyìí, ohun tí kò bá sí ní Unicode, kò sí. Láti 2015 ni JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà nìkan ṣe ìdánwò rẹ̀, WAEC náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 2024 pẹ̀lú àwọn olùdánwò aládàáni. Yorùbá kò lè dá dúró lẹ́yìn. Nítorí náà, a jókòó ti àlejò náà, a tẹ gbogbo lẹ́tà fọ́ǹtì àtijọ́ jáde lórí ìwé, a kọ lẹ́tà Unicode tí ó bá a mu sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì fi tábìlì yìí yí fáìlì kan lẹ́yìn òmíràn padà. Ìbéèrè ìdánwò kò ni wá lára, nítorí pé àwa tí a kọ ọ́ tàbí tí a jogún rẹ̀ lè kà á ká sì mọ ibi tí ó ṣì. Àkójọ ọ̀rọ̀ ni ó ṣòro. Fọ́ǹtì náà kò ní àyè fún ń àti ǹ, olùkọ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ sì ti fi n lásán rọ́pò wọn, nígbà mìíràn tòun ti àmì ìbéèrè kékeré tí ó fi ń rán ara rẹ̀ létí. Àwọn orúkọ ẹja àti ẹ̀yà ọkọ̀ tí ohùn wọn kò bá ti dá wa lójú, a kọ wọ́n sọ́tọ̀ sínú ìwé kan. Ìyá kan tí ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Agbowa ni ó ń bá wa pè wọ́n, ní ọjọ́ tí ọjà kò bá kún.